Ewé Ata Ṣítù

Ẹ̀yin ará, kí àánú Ọlọ́hun kárí wa, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ahọ́n ni wáàsí òní dá lé. Ẹni tó bá ń pe oúnjẹ hàláálì ní májèlé nítorí ahun, kó súnmọ́ mi dáadáa.

Ṣítù gbin ata sẹ́yìnkùlé. Ìyàn mú lọ́dún náà, Kúbúrà, opó tó múlé tì í, wá bi í pé, "Bàbá Ràmóní, ṣé ewé ata ṣe é jẹ?" Ṣítù mọ̀ pé ó ṣe é jẹ téèyàn bá sè é jinná, ìyá rẹ̀ ló fi tọ́ ọ dàgbà. Kí ló wá sọ? "Májèlé ni, Ìyá Ìdáyà. Ó ń pani." Nítorí kí opó má baà já ewé!

Lọ́jọ́ kẹta, Kúbúrà wá fọn iná, ó bá Ṣítù tó ń fi ọbẹ̀ ewé ata jẹ ẹ̀bà. Ó kí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú ti Ṣítù, àmọ́ kò pè é padà.

Nígbà tó yá, kòkòrò bo ata, Ṣítù fín oògùn sí i. Ó lọ kìlọ̀: "Ẹ má fọwọ́ kan ewé yẹn o, mo ti fín oògùn sí i." Kúbúrà ní, "Ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó ń pani."

Ará mi, ara Ṣítù kò balẹ̀ mọ́. Ó kírun Alásàrì, kò mọ iye rakáà tó kí. Bó ṣe sálámà ló sáré dé ìdí ata. Wọ́n ti já a. Ṣé ó dáa kéèyàn já ewé oníewé? Kò dáa. Ebi ló fà á.

Ó sáré wọ ilé Kúbúrà, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ nídìí àwo ọbẹ̀ ewé ata. "Mo fi Ọlọ́hun búra, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ òrukàn jẹun, Bàbá Ràmóní."

Ṣítù àgbààgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Irọ́ ni mo pa níjọ́sí. Ahun ni mo ṣe. Òótọ́ ni tòní." Ìgbà náà ni Kúbúrà tó gbé àwo, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì ti jẹ òkèlè méjì. Ọjọ́ mẹ́rin lọmọ náà lò ní ọsibítù kó tó lajú.

Ewé ata kò ṣe nǹkan kan, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́, bí ẹ bá ti mọ̀ pé kò sí oògùn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí Ṣítù bá ní òjò ń rọ̀, Kúbúrà á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta. Ọlọ́hun, tọ́ wa sọ́nà, má jẹ̀ẹ́ kí òótọ́ wa di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà gbọ́. Àmín.