Òdòdó Tí Mo Fi Sí Àyà Àna Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo gbálẹ̀ tó ti mọ́, mo tún ń gbá a. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Dúpẹ́, ọmọ ọmọ mi tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, ti kẹ́rù láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣàngó wá bá mi ní Adéwọlé. Èmi ni mo fà á, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ bí mo ṣe fà á.

Òdòdó àyà ni mo máa ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi píìnì mọ́ aṣọ ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Màá gé àpò ìdọ̀họ, màá to òdòdó oníke lé e, màá fi ìko so ó nídìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó jọ ti oko. Nígbà tí ìgbéyàwó Dúpẹ́ ku ọjọ́ díẹ̀, òdòdó funfun tán lọ́wọ́ mi. Mo wá rántí itẹ́ òkú ìjọ wa, níbi tí ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti ń kó òdòdó orí ibojì jọ láti dáná sun. Róòsì funfun, ó ṣì ń dán! Mo ní kó fún mi. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Ṣebí ike ni? Ike mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè ni? Ríbọ́ọ̀nù ara rẹ̀ náà, n ò jù ú nù. Mo ká a sẹ́yìn òdòdó ìyá ọkọ kí píìnì má baà gún un, mo rán àpò bò ó. Wọ́n kọ nǹkan sí i, àmọ́ ìwé kejì ni mo kà dé, n ò yọ ara mi lẹ́nu.

Mo tún fi ọgbọ́n kún un. Mo ní, "Dúpẹ́, sọ pé ìwọ lo ṣe é, kí ìyá ọkọ ẹ mọ̀ pé ọmọ tó mọṣẹ́ ọwọ́ ló wọlé òun." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín: "Màmá àgbà, ẹ fẹ́ kí n purọ́ níwájú pẹpẹ!" Ó sọ ọ́ ṣá. Inú ìyá ọkọ dùn débi pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń fi òdòdó náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títí ìdí rẹ̀ fi tú lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn. Ó fa ríbọ́ọ̀nù yọ, ó kà á sókè: "Ó dàárọ̀, ìyá rere."

Ó kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Dúpẹ́, èmi lo kí pé ó dàárọ̀? Ibo ni mò ń lọ? Ṣé mo ti pẹ́ láyé jù fún ẹ ni?"

Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀. "Mọ̀mí, mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Àbí kì í ṣe ìwọ lo ṣe é?"

Ọmọ náà wo ojú mi. Kò sọ pé èmi ni. Èmi àgbà wá lanu, mo ní, "Bóyá ẹni tó ta òdòdó ló fi sí i." Ẹ ò gbọ́ irọ́! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi gan-an ló mú kó wọ́.

Ọkọ rẹ̀ ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ mi títí ìbínú ìyá òun á fi rọ̀. Dúpẹ́ ò bá mi jà. Á jẹun díẹ̀, á ní ẹ ṣé, Màmá. Èébú ì bá sàn jù. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé òdòdó òkú ni obìnrin yẹn ń lẹ̀ máyà, ṣé wọ́n á tún gba ọmọ mi padà? Tí mo bá sì dákẹ́, ẹni tó ń wá ikú ìyá ọkọ ni wọ́n ń pè é. Obìnrin náà kéré sí mi, àmọ́ màá kúnlẹ̀ fún un, mo ti gbà. Ṣé kí n mú Dúpẹ́ dání kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni, àbí kí n dá lọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn o. Láàárọ̀ yìí, ó ti ń to aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.