Nígbà Tí Mo Gbà Pé Mo Ti Kú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wólẹ̀ fún Ọba tó ni èémí. Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, Ìyá Tọ́lá tó ń ṣe irun ní Ajangbadi, ẹ mọ̀ pé ó pẹ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ ti rí mi níbí gbẹ̀yìn. Àwọn kan ní mo ti kó lọ. Àwọn kan ní ọkọ mi ló lé mi. Ilé wa ní Ìbà ni mo wà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, mo gbà pé mo ti kú. Mi ò fi ṣàpèjúwe o. Mo gbà á bí mo ṣe gbà pé iwájú pẹpẹ yìí ni mo dúró sí.

Òtútù ló fi bẹ̀rẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ ara wọn, èmi á wọ súwẹ́tà ní sálọ́ọ̀nù. Kọ́sítọ́mà kan tí mò ń di irun fún yọ orí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, ọwọ́ mi tutù bí ẹran inú fírísà. A fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wá mọ́. Ojú mi wú. Irun òkè ojú mi ń re dànù. Ohùn mi wá wálẹ̀, ó ki, ó ń fà bí ti ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo pe màmá mi ní Ìséyìn lórí fóònù. Wọ́n ní ta ni, mo ní èmi ni. Wọ́n wá sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, mo gbọ́ ọ kedere: "Ẹnì kan ti gba fóònù ọmọ mi o." Wọ́n sì pa á.

Mo jókòó, mò ń wo fóònù náà. Ibẹ̀ ni èrò yẹn ti kọ́kọ́ wọlé sí mi lórí, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ronú pé òjò fẹ́ rọ̀. Pé màmá mi mọ̀. Pé ọmọ wọn ti lọ.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́láńlé, ó kú níbi tó ti ń rọbí. Èmi ni mo di irun rẹ̀ gbẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbójú sókè ní sálọ́ọ̀nù, Bọ́láńlé jókòó sábẹ́ dráyà. Irun tí mo dì fún un yẹn gan-an ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ò sì bà mí, ohun tó yẹ kó ti já mi láyà nìyẹn. Mo kàn sọ lọ́kàn mi pé ó dáa, ó wá mú mi ni. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, á jókòó, á máa wò mí, kọ́sítọ́mà á sì jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Bí mo bá dé Ìyànà Ìbà, mi ò kì í wo ọ̀kadà, mi ò kì í wo mọ́tò. Wọ́n á yà fún mi, wọ́n á bú mi, èmi á rò pé atẹ́gùn ni wọ́n ń yà fún. Tí ẹnikẹ́ni bá kí mi, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Mo rò pé òun náà ti kú, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Okokomaiko. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Á ra mọ́ínmọ́ín bọ̀ fún mi, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mo ní òkú kì í jẹun. Ó rò pé mò ń bínú ni. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn tí kò jọ tèmi yẹn:

"Bàbá Tọ́lá, ẹ má fi mí sílẹ̀ sínú ilé báyìí. Ẹ lọ sin mí. Mo ti ń rùn."

Ó fi imú kan ọrùn mi, ó ń gbóòórùn mi. Òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ìyá ọkọ mi wá láti Abẹ́òkúta. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Wọ́n pe ọmọ wọn sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kó yé tan ara rẹ̀ jẹ, àkúdàáyà ló ń bá gbé, kó tètè gbé Tọ́lá kúrò nínú ilé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹnì kan gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo wẹ̀, mo wọ súútánà mi, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo sùn gbalaja, mo ká ọwọ́ lé àyà. Tọ́lá dé láti ilé ìwé. Ó bọ́ bàtà, ó wá sùn tì mí, ó gbé orí lé mi láyà. Mo ní kó má fọwọ́ kàn mí, Mọ́mì ti kú.

Ó ní, "Mọ́mì, àyà yín ń dún."

Mo ní irọ́ ni. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ń fi ìka kan lù mí lápá bó ṣe ń gbọ́ ọ. Gbì. Ó ń pẹ́ kó tó tún lù. Gbì. Èmi rò pé ó kàn fẹ́ tù mí nínú ni. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe bá wa. Ó gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá, ó di ilé Ọlọ́run yìí.

Ẹ̀yin alàdúrà yí mi ká. Ìyá ọkọ mi ní kẹ́ ẹ lé òkú jáde lára mi. Ìyá Wòlíì gbàdúrà títí, wọ́n wá ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé iwájú ọrùn mi níbí.

"Mo rí fìtílà kan níbí," ni wọ́n wí. "Òróró rẹ̀ ló ń tán lọ. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa lé jáde. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n wo ọrùn rẹ̀."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà obìnrin ló dá wa lóhùn nígbà tí èsì jáde. Ó ní ohun kékeré kan wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun tó rí bíi labalábá, òun ló ń tú họ́mọ́nù kan sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ́nù yẹn ni ara fi ń móoru, òun ni ọkàn fi ń lù dáadáa, òun ni ọpọlọ fi ń ronú bó ṣe yẹ. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá. Ó ní ọpọlọ mi wá dà bíi gílóòbù tí ló-kọ́rẹ́ǹtì ń tàn: ó tàn, àmọ́ kò fi nǹkan hàn bó ṣe rí. Ó rí ara tó tutù, ó rí ọkàn tó ń lù bí ẹni pé kò fẹ́ lù, ó rí i pé ebi ò pa mí, ó sì fún gbogbo rẹ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀.

Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró kan, kò tó ẹyọ ẹ̀wà. Mo kọ̀. Ọkọ mi wò mí, ó ní tí mo bá ti kú lóòótọ́, kí ni oògùn tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Mo gbé e mì.

Kò ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ o. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbà kan wà tí mo wo abẹ́ dráyà, tí àga ibẹ̀ jẹ́ àga lásán. Mi ò lè sọ ìgbà tí Bọ́láńlé dìde lọ. Mo sunkún rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni alábàágbé wa ń dín àkàrà, òórùn rẹ̀ wọlé, itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá Tọ́lá, ebi ń pa mí." Ó sáré jáde láìwọ bàtà.

Dókítà ní màá máa lo oògùn yẹn lọ ni, pé tí mo bá fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè padà wá. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Torí kò sí àjèjì kankan tó jókòó tì mí tó ń tàn mí. Orí èmi fúnra mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá mi lójú. Ẹ̀yin ará, tí orí yín bá ń sọ fún yín ohun tí ará ilé yín ò rí, ẹ má dá nìkan gbà á gbọ́. Ẹ sọ ọ́ síta.

Olúwa tó fi fìtílà han ìránṣẹ́ rẹ̀, tó sì fún dókítà lọ́gbọ́n, Òun nìkan ni mo gbé ògo fún. Ẹ bá mi yọ̀. Ìrẹsì ọpẹ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má lọ láìjẹ ẹ́. Alààyè ló sè é.