Ṣé Kí N Sọ Ni Màmá Wí, Àbí Kí N Má Sọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti dàrú. Èdè Turkey àtàwọn èdè tó bá a tan ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì níbí ní New York. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ṣì ń bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo gbàgbé sọ́dọ̀ wọn?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ta ló mọ̀ pé èdè tí mo fi ń yangàn ló máa kó mi sí wàhálà?

Ọ̀kan nínú àwọn èdè náà ni Chuvash, tí àwọn èèyàn kan ń sọ ní Rọ́ṣíà. Ará Turkey gan-an kò lè gbọ́ ọ. Ìyá àgbàlagbà kan ní Brooklyn ló ń sọ ọ́ fún mi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń wọ subway, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, láti Castle Hill tí mò ń gbé lọ bá wọn. Wọn á máa gé kábéèjì ní kíṣìnì, èmi á máa béèrè ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí lọ́mọ, tí èmi náà ń pè wọ́n ní Màmá. Lẹ́nà, ọmọbìnrin wọn tó ń tọ́jú wọn, kò gbọ́ Chuvash rárá. Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi tọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí Màmá kú, èmi àti Lẹ́nà la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní ọsibítù. Lẹ́nà ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Ṣàdédé ni Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń sọ Chuvash. Wọ́n ní Lẹ́nà kì í ṣe ọmọ inú àwọn. Àbúrò àwọn lábúlé ló bí i láìlọ́kọ, àwọn sì gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí ìtìjú. Àbúrò náà ṣì wà láyé. Háà! Mo wo Lẹ́nà, ẹsẹ̀ Màmá ló ń ra lọ ní tiẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n sọ gbólóhùn kan sí i, ohùn bá tán.

Ní Chuvash, "ăna kala" ni "sọ fún un." "An kala" ni "má sọ." Ìró kékeré báyìí ló là wọ́n láàárín, ike tí wọ́n fi ń fún Màmá ní atẹ́gùn sì bo ẹnu wọn. Èwo ni wọ́n sọ? Èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n, mi ò mọ̀!

"Kí ni Màmá sọ?" Lẹ́nà bi mí.

"Wọ́n ní o ṣeun."

Ó bú sẹ́kún. Ó ní Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí láyé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí kò sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣé kó mọ́. Àwọn àgbà kan náà ló ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Èwo ni kí n tẹ̀lé?

Àná ni Lẹ́nà tún pè mí. "Mo fẹ́ lọ wo abúlé Màmá. Àǹtí mi kan, àbúrò Màmá, wà níbẹ̀, wọ́n ti darúgbó, Chuvash nìkan ni wọ́n gbọ́. Jọ̀ọ́, bá mi lọ, kó o máa túmọ̀ fún wa." Mo ní màá rò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ̀yin tẹ́ni ẹlẹ́ni tọ́ dàgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ìyá arúgbó yẹn bá dì mọ́ ọn, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń pè é ní ọmọ mi, èmi ni Lẹ́nà máa kọjú sí. Kí ni kí n wí fún un?