Àwọn Tí Mo Pè Ní Ará Àdúgbò

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni, nínú ọ́fíìsì àtijọ́ bàbá ìyàwó mi n'Ìkẹjà. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, Fọlákẹ́ ọmọ mi, àti Kúnlé, àbúrò ìyàwó mi olóògbé. Ohun tí Fọlákẹ́ sọ lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí n lè pa àṣírí mi mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Bàbá ìyàwó mi ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n máa ń gba àwọn oníléeṣẹ́ ńlá nímọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe bá ìjọba àti ará àdúgbò lò. Dírẹ́bà wọn ni mí kí n tó fẹ́ ọmọ wọn. Mo ti dàgbà kí n tó jókòó ní kíláàsì.

Bàbá ní òfin kan. Òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ ṣojú àdúgbò kankan níwájú oníléeṣẹ́, àfi tó bá ti wọ ilé àwọn ará ibẹ̀, tó jókòó, tó sì mu omi wọn. Èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. Mo rí i.

Lẹ́yìn ikú wọn, ìyàwó mi ló ń darí iléeṣẹ́, títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀. Iléeṣẹ́ ọṣẹ kan l'Ágége fẹ́ gbòòrò sí i nígbà náà. Wọ́n ní ká lọ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wọn máa sọ. Ìyàwó mi ní kí n lọ.

Mo lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni alága àwọn onílé ibẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kí mi. Mo kólòlò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé ọ̀gá yín ṣì wà nínú mọ́tò ni? Ẹ lọ pè wọ́n wá."

Mo ní wọ́n ń bọ̀. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ìyàwó mi wà lórí ibùsùn, iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀ sì ti fẹ́ kógbá sílé. Mo bẹ àwọn ará ìjọ wa ní Abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n bọ́ sùtánà sílẹ̀, wọ́n wọ ańkárá, wọ́n wá jókòó bí ará àdúgbò. Máníjà iléeṣẹ́ ọṣẹ náà bi wọ́n bóyá wọ́n fara mọ́ ìgbòòrò náà. Ìyá kan gbàgbé ara rẹ̀, ó ké "Àmín!" Gbogbo wọn bá gbè é. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ìyàwó mi bi mí nílé pé, "Bàbá Fọlákẹ́, ṣé ẹ mu omi wọn?"

Mo ní mo mu ún. Kò pẹ́ tó fi kú. A ti iléeṣẹ́ bàbá pa.

Fọlákẹ́ ti fẹ́ tún un ṣí báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn ló sọ pé, "Dádì, iṣẹ́ Agége yẹn la máa fi polówó ara wa. Mo fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ wá sọ̀rọ̀ níbi ìṣíde."

Kúnlé bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Fọlákẹ́ tí a máa ń bẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọhùn! Báwo lẹ ṣe rí ẹnu bá odidi àdúgbò sọ̀rọ̀?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo àga bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Agége ni mo lọ. Alága ti darúgbó, wọn kò dá mi mọ̀. Mo tọrọ omi. Ìyàwó wọn na omi inú ọ̀rá sí mi. Mo ní omi ilé ni mo fẹ́.

Alága ní, "Ẹ má bínú o. A kì í fún àlejò ní omi kànga wa mọ́. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ iléeṣẹ́ yẹn lójú ló ti ń hó bí ọṣẹ."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Omi ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo délé. Fọlákẹ́ bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo ní, "Agége."

Ojú rẹ̀ tàn. "Dádì! Ẹ ti lọ pè wọ́n?"

Ó ṣì ń retí èsì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?