Àjẹ̀ Kan fún Ìbejì

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i létí odò Ọ̀fìkì, èmi tí mo mọ odò náà ju ẹja lọ: tọkọtaya kan ń yan àjẹ̀ tí àwọn ìbejì wọn yóò máa fi tukọ̀ lórí ìdúró lọ sóko.

“Ìyá Ìbejì, onínọ́ọ̀tì tó ṣeé fà gùn yìí, ẹyọ kan tó wọn. Á gùn fún Táyé, á kúrú fún Kẹ́hìndé.”

“Onígi méjì ni kẹ́ ẹ rà, Bàbá Ìbejì. Wọn ò pín ilé ọlẹ̀ láìjà, àjẹ̀ lẹ wá ní kí wọ́n pín?”

“Wò mí.” Bàbá fa àjẹ̀ náà gùn, ó wọ ọkọ̀ kan létí omi, ó dìde dúró nínú rẹ̀.

“Ẹ ò tíì fún nọ́ọ̀tì yẹn le o, olówó orí mi!”

Àjẹ̀ yọ sí méjì, bàbá já sómi tó mu ún dé ìbàdí. Ohun tó bá odò lọ: ìdajì àjẹ̀ kan, fìlà kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì.