Ẹni Tó Ni Ọbẹ̀ Inú Abọ́ Dígí

Kí n lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ta? Ẹ tún un sọ! Ẹ gbé ife tíì yẹn sílẹ̀, ẹ kọjú sí mi, kẹ́ ẹ tún un sọ kí etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Pé kí èmi ìyálé, èmi tí mo ti ń po ọbẹ̀ kíkan nínú ilé yìí láti ìgbà tí àbúrò yín ṣì ń fi apá aṣọ nu imú, kí n gbé báàgì mi kọ́ èjìká, kí n lọ jókòó sẹ́sẹ̀ ìyàwó ẹ̀, kó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po ọbẹ̀ kíkan? Ó dáa. Ó dáa náà ni. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́, èmi kọ́ ni mo fi sí yín lẹ́nu.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò gbèrò búburú. Ta ló bi yín léèrè èrò? Ahọ́n yín ni mo fẹ́ bá ṣẹjọ́ lónìí!

Ṣebí àwa méjèèjì la jọ wà ní pálọ̀ màmá yín ní Sọ́ńdè tó kọjá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jókòó ti abọ́ dígí ìyàwó kékeré bí ológbò tó jókòó ti ihò eku? Ẹ ki kárọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ẹ lá a, ẹ tún ki í bọ̀ ọ́, ẹ rò pé mi ò rí i pé kárọ́ọ̀tì kan náà ni! Nígbà tí kárọ́ọ̀tì tán, ẹ nawọ́ sí bisikíìtì. Nígbà tí bisikíìtì tán, ẹ fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́, àgbàlagbà tó ti hu irùngbọ̀n funfun! Ẹ wá gbá àbúrò yín lẹ́yìn gbàù, ẹ ní, "Àbúrò, o mọ ìyàwó fẹ́!" Lójú mi. Lójú èmi tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́. Ṣé èmi, wọ́n gbé mi jù síwájú ilé yín ni?

Ẹ jókòó, mi ò tíì ṣe tán. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Kí ló ń kán? Ẹ jẹ́ kó máa kán. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi yẹn, ẹ̀rọ omi ò bàjẹ́. Màá sọ ohun tó ń kán fún yín tó bá yá.

Ta ló mú ọbẹ̀ kíkan wọ ìdílé yín? Ẹ dáhùn. Kí n tó dé, kí lẹ fi ń jẹ ọ̀dùnkún díndín? Iyọ̀! Iyọ̀ lásán, ẹ máa ń jókòó yí tábìlì ká bí àgùntàn. Èmi ni mo dé tí mo so yógọ́ọ̀tì sínú aṣọ, tí mo jẹ́ kí omi ẹ̀ ro títí tó fi ki bí bọ́tà, tí mo gún aáyù pẹ̀lú iyọ̀, tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí mo rin kùkúńbà tí mo sì fún omi ara ẹ̀ dànù, nítorí ẹni tí kò bá fún omi kùkúńbà dànù, omi ọbẹ̀ ló máa gbé síwájú àlejò. Màmá yín fi ìka kan tọ́ ọ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ìyàwó, kí lo fi sí èyí?" Láti ọjọ́ yẹn, bí oṣù bá ti parí tí gbogbo yín bá kóra jọ, abọ́ rọ́bà mi aláwọ̀ búlúù ló máa ń wà láàárín tábìlì. Láàárín o! Kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò kàwé, mi ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì wọ kóòtù bíi ti ìyàwó kékeré, aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń fi ayọ́ọ̀nù lọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní nínú ilé yín nìyẹn, pé bí mo bá ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́bẹ̀ ti dé."

Eyínfúnjowó, ìyàwó àbúrò yín, wá dé. Ẹ kúkú mọ̀ pé èmi náà ni mo fún un lórúkọ yẹn. Mo fẹ́ràn ọmọ náà! Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ ń tàn, mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní àbúrò. Àṣé eyín yẹn máa ń gé èèyàn jẹ.

Ẹ rántí ohun tó sọ? Ẹ máa ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo yín jókòó, mo ṣí abọ́ mi, ọmọ yìí na ọrùn wò ó, ó ní, "Ìyálé mi, ṣé kì í ṣe aṣọ ìrọ̀rí àwọn oníbàárà yín lẹ fi sẹ́ ọbẹ̀ yìí?"

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín! Àbúrò bàbá yín ti mú kárọ́ọ̀tì, ó ti ń gbé e bọ̀, ó ti dé etí abọ́ mi báyìí, kárọ́ọ̀tì yẹn yí padà bí àlejò tó gbọ́ pé ajá wà nínú ilé. Ó jẹ ẹ́ lásán! Ẹ ní eré ni. Mo mọ̀ pé eré ni, òun náà sọ pé eré ni, ó tún dì mọ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ló tún ki nǹkan bọ abọ́ mi láti ọjọ́ yẹn? Tí mo bá gbé e lọ ní kíkún, mo máa ń gbé e bọ̀ ní kíkún. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, òun náà gbé abọ́ dígí dé, ata gígún pupa lórí ẹ̀ rèǹtè rente, gbogbo yín bò ó.

Ẹ wò mí dáadáa. Kì í ṣe ohun tí ọmọ yẹn sọ ló dùn mí jù. Ẹ̀yin ni! Nítorí ẹ̀yin mọ aṣọ yẹn. Ẹ̀yin lẹ rà á fún mi, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ní kí n má fi ṣe ohun mìíràn ju ọbẹ̀ lọ. Ẹ máa ń rí mi bí mo ṣe ń sè é nínú omi gbígbóná, tí mò ń sá a sóòrùn, tí mò ń ká a sínú agolo onídèérí, bí aṣọ ọmọ ọwọ́. Gbólóhùn kan péré ló kù kẹ́ ẹ sọ. "Èmi ni mo ra aṣọ tó fi ń sẹ́ ẹ." Ó ti parí! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní pálọ̀ o, orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà ń rẹ́rìn-ín, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú àgbà, àgbà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún!

Òjòwú? Ẹ ní mo jẹ́ kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni! Mò ń jowú! Mò ń jowú abọ́ dígí, mò ń jowú ata gígún, mò ń jowú ìka yín tẹ́ ẹ fi nu ìsàlẹ̀ abọ́. Ta ni ò ní jowú? Bí wọ́n bá gba àga lábẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ igi lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á, ẹ̀yin káfíńtà, ṣé orin lẹ máa kọ?

Ó dáa. Ẹ di tábìlì mú.

Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, èyí tó wà nínú abọ́ dígí, èyí tẹ́ ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín ẹ ò jẹ irú ẹ̀ rí, èyí tẹ́ ẹ ní kí n lọ kọ́ yẹn. Èmi ni mo pò ó.

Ẹ pa ẹnu dé, eṣinṣin ń fò.

Èmi náà ni! Ìyàwó kékeré ti gbé tiẹ̀ sínú fìríìjì màmá yín láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí a dé, ẹ̀yin wà níta, ẹ̀ ń bá aládùúgbò jà lórí ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọkọ̀ sí, màmá wà ní balùwẹ̀. Mo da tiẹ̀ sínú ìkòkò, mo fọ abọ́ dígí, mo nù ún gbẹ, mo da tèmi sí i. Mo ṣa ewé àlùbọ́sà orí tèmi kúrò, mo wọ́n ata gígún sí i bíi tiẹ̀. Mo wá da tiẹ̀ sínú abọ́ rọ́bà mi, mo dé e. Mo ní kí n wò ó. Kí n wò ó bóyá ọbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ nínú ilé yìí ni, àbí abọ́.

Kí ayọ́ọ̀nù jó ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń jẹun bí mo bá purọ́!

Mo jókòó, mò ń wò yín. Mo ní, ọkọ mi á mọ̀. Àwọn yòókù lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi, ẹni tó ti ń jẹ ọwọ́ mi láti ìgbà tí kò sí nǹkan kan nínú yàrá wa ju bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, bó bá ti kàn án lẹ́nu báyìí, á gbójú sókè, á wò mí. Ìyẹn ni mò ń retí. Kẹ́ ẹ ṣáà wò mí ni. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́, ẹ ò gbójú sókè. Ìgbà tẹ́ ẹ máa gbójú sókè, àbúrò yín lẹ wò. "O mọ ìyàwó fẹ́!" Màmá yín náà lá ìka wọn, wọ́n ní ọjọ́ ìbí àwọn ò gbọdọ̀ kọjá láìsí ọbẹ̀ yìí, wọ́n kọjú sí ọmọ náà tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ní, "Ìyàwó kékeré, ìwọ ló máa ṣe é o." Ọwọ́ tèmi ló bá a gba iṣẹ́ náà! Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n dìde kí n ní mo pààrọ̀ abọ́? Wọ́n á ní olè ni mí.

Abọ́ rọ́bà mi ńkọ́? Ẹnì kankan ò ṣí i. Mo gbé e wálé. Mo dúró síwájú fìríìjì yìí, mo mú ṣíbí, mo ní jẹ́ n tọ́ ìdọ̀tí yìí wò.

Ó dùn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó dùn! Ọmọ yẹn ń sun aáyù níná kó tó gún un, èmi ò rò ó rí láyé mi. Ìbá má dùn, ǹ bá ti sùn. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, inú ń bí mi, mo ṣì ń ki ṣíbí bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Àárọ̀ yìí, mo wà nídìí aṣọ lílọ, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Eyínfúnjowó, pẹ̀lú kóòtù òtẹ́ẹ̀lì, abọ́ dígí lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ yẹn, mo ti mọ̀ pé tèmi kọ́. Ọwọ́ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ò lè rí báyẹn, ẹ bá mi ṣe é fún ọjọ́ ìbí màmá."

Ẹ gbọ́ bí? Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹni tó lé mi kúrò láàárín tábìlì, ẹnu ẹ̀ mọ̀ mí. Ẹnu ọkọ mi ò mọ̀ mí. Kí n wá bínú sí ta báyìí? Ẹ bá mi wá a, nítorí mo ti di ìbínú yìí mọ́ra, mi ò tíì rí ẹni tí màá sọ ọ́ kalẹ̀ fún, àfi ẹ̀yin.

Ohun tó ń kán nìyẹn. Yógọ́ọ̀tì ló wà nínú aṣọ tí mo so mọ́ ẹ̀rọ omi, aṣọ tí ẹ̀yin rà. Ọ̀la lọjọ́ ìbí. Aáyù ti wà lórí iná, mo sun ún, mo ti jí ọgbọ́n ọmọ yẹn náà mọ́ tèmi, ọbẹ̀ yìí máa dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ dìde. Abọ́ méjì ló wà lórí tábìlì yẹn, dígí nìyẹn, rọ́bà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa mú èyí tí màá dà á sí. Bó bá jẹ́ rọ́bà lẹ mú, ẹ̀yin lẹ máa gbé e wọ pálọ̀ lọ́la, ẹ máa gbé e sí àárín tábìlì, ẹ máa sọ gbólóhùn tó kù kẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́kọ́ ki nǹkan bọ̀ ọ́ lójú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ dígí, ẹ dákẹ́, mi ò ní bi yín léèrè mọ́.

Ẹ má wojú mi. Abọ́ ni kẹ́ ẹ wò.

Màmá ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn? Mo gbọ́. Ẹ ò fẹ́ wàhálà lọ́jọ́ ayọ̀? Mo gbọ́ náà.

Háà! Dígí lọwọ́ yín lọ bà! Hẹ̀ẹ̀! Ẹ wò ó, ẹ̀rín ń pa mí, àní ẹ̀rín ń pa mí. Ẹ gbé e wá, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá.

Màmá yín á jẹun lọ́la, wọ́n á sì yó. Àbúrò yín á gba oríyìn, ìyàwó ẹ̀ á gba orúkọ, ẹ̀yin á gba àlàáfíà. Èmi ni mo san gbogbo ẹ̀.