Rìbọ́ọ̀nù Funfun Tí Mo Nà sí Tae-rim

Sun-im, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó kù kí n sọ tèmi. Kì í ṣe pé ọmọ yín kọ̀ láti wá síbi òkú bàbá àgbà rẹ̀. Ó wá. Èmi ni mo lé e.

Ẹ mọ̀ pé obìnrin la pè é nígbà tí ẹ bí i, Hwa-yeong la sọ ọ́. Ọdún tó gé irun, ó wá bá wa ní Tongyeong, ó ní Tae-rim lorúkọ òun, ọkùnrin lòun. Ó kọ ìwé kan fún wa, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, torí ó mọ̀ pé ìwé mi ò tó nǹkan. Ó kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n pe èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀tọ̀. Ohun tó mọ ara rẹ̀ sí nínú, ọ̀tọ̀. Aṣọ àti ìrìn tó fi ń jáde, ọ̀tọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, ìyẹn náà ọ̀tọ̀. Bàbá yín ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. "Ìyá Sun-im, wá kà á jàre! Àbí orí rẹ ti le bí ìkarahun inú òkun tí ò ń là tà lọ́jà ni?" Mo fi ìwé náà di ẹja gbígbẹ.

Nígbà tí ikú dé sí bàbá yín, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "A ò bí ọkùnrin. Tae-rim ni kó wọ ọ̀já apá tí ọkùnrin ilé ń wọ̀ níbi òkú, kó ṣíwájú òkú mi." Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ òkú, ó dé láti Seoul, ó wọ kóòtù dúdú. Mo fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Ó bi mí pé, "Màmá àgbà, ṣé bàbá àgbà sọ nǹkan nípa mi?"

Mo ṣì lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Mo mú rìbọ́ọ̀nù funfun tí àwa obìnrin ń fi sírun níbi òkú jáde, mo nà án sí i. "Ó ní bí o ò bá fi èyí sórí, kí o má fojú kan àwòrán òun tí wọ́n bá gbé síwájú òkú."

"Bàbá àgbà fúnra wọn? Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní, 'Tae-rim, ọkùnrin mi, ṣé o ti jẹun?'"

"Òun náà ni."

Ó wo rìbọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ mi títí. Kò sunkún. Ó kọjú sí ògiri tí òkú wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí a ti ń kí òkú, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Mo padà wọlé, mo mu ọbẹ̀ ẹran, mo tún bu òmíràn. Mo sọ fún yín pé ojú ló ń tì í tí kò fi wá. Ọkọ rẹ ló wọ ọ̀já náà.

Ọdún mẹ́fà rèé. Ẹ wá a kàn. Ẹ má sọ fún un pé arúgbó ni mí, pé kò yé mi. Ọ̀tọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, mo mọ̀ wọ́n lórí láti ọjọ́ tí bàbá yín ti ń kà wọ́n. Ó yé mi, mo sì na rìbọ́ọ̀nù náà sí i. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bó bá wá sin mí, òun ni kó wọ ọ̀já apá. Bí kò bá wá, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.